Sidescan sonar: ṣé ẹ̀rọ yìí bàjẹ́ ni àbí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán tí sidescan sonar yà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya bí ìsàlẹ̀ omi ṣe rí, ohun tó sábà máa ń jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé "ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ o". Ìlà dúdú gbàgàdà kan là á láàárín látòkè délẹ̀, ọ̀tún ò jọ òsì, nǹkan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó rí gbọọrọ tí ò yẹ kó gùn tó bẹ́ẹ̀, ibòmíì sì kún fún àmì funfun wínníwínní. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyẹn ò bàjẹ́ rárá, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èyí tó kù bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ló fà á, ibi tí wọ́n gbé e gbà ni, eré tí wọ́n ń sá ni, tàbí nǹkan míì tí wọ́n so mọ́ bátìrì kan náà pẹ̀lú ẹ̀. Ìdọ̀tí tó wà lójú àwòrán yẹn ní oríṣiríṣi bó ṣe máa ń rí, bó bá sì ṣe rí lẹ máa fi mọ ibi tó ti wá, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé fọ́tò kọ́ nìyẹn. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀, kò sí iná. Nǹkan gígùn kan ni tí wọ́n ń fi kébù fà lẹ́yìn bóòtù lábẹ́ omi, towfish lorúkọ ẹ̀, àwọn surveyor á kàn ní "fish". Transducer kan, ìyẹn ohun tó ń pariwo tó sì ń gbọ́ èsì, wà lápá òsì ẹ̀, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún. Á pariwo kúkúrú kan tí etí èèyàn ò lè gbọ́, á dákẹ́, á wá máa tẹ́tí sí ìró tó bá padà wá. Ìró yẹn fẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ àmọ́ ó tínínrín síwájú sẹ́yìn, torí náà ariwo kan, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo nísàlẹ̀ omi ló máa kàn. Èyí tó kọ́kọ́ padà dé wá láti tòsí, èyí tó pẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, kọ̀ǹpútà á tò wọ́n sórí ìlà kan bí wọ́n ṣe ń dé, èyí tó lágbára á mọ́lẹ̀, èyí tí ò lágbára á ṣókùnkùn. Bóòtù á sún síwájú díẹ̀, ariwo míì, ìlà míì, wọ́n á máa tò ó léra wọn títí á fi di àwòrán. Àkókò nìkan ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀. Ìró ń rin nǹkan bíi 1,500 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi òkun, ẹ̀rọ mọ ìgbà tó pariwo, ó mọ ìgbà tí èsì dé, ó pín in sí méjì, ó ti mọ bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó nìyẹn. Gbogbo ìṣòro tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òjìji ńkọ́? Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ kí ó tàn lọ gbọọrọ lórí sìmẹ́ǹtì, òkúta wẹ́wẹ́ lásán á ní òjìji gígùn, àmọ́ tí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn sókè kó máa tàn bọ̀ wálẹ̀, òjìji yẹn á pòórá. Ìdí tí wọ́n ṣe ń fa fish súnmọ́ ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ìró ò dé ló ń di òjìji, òjìji yẹn ló sì máa ń sọ bí nǹkan ṣe rí ju nǹkan náà fúnra ẹ̀ lọ, ẹ lè rí táyà, ẹ lè rí ìdákọ̀ró, ẹ lè rí ògiri ọkọ̀ tó rì, látinú òjìji.

Nínú omi tó mọ́ ẹ ṣì lè ní kí kámẹ́rà lọ wò ó. Nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, kámẹ́rà ò rí ọwọ́ ara ẹ̀. Odò Mobile ní Alabama l'Amẹ́ríkà, irú omi bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti wá ọkọ̀ Clotilda rí, ọkọ̀ ẹrú tó kó nǹkan bí èèyàn 110 láti Ouidah ní 1860, tí wọ́n wá dáná sun lẹ́yìn tí wọ́n dé kí ìjọba má bàa rí ẹ̀rí. Kossola tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis lọ́hùn-ún wà nínú àwọn tí wọ́n kó yẹn, ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè tó wà ní Benin báyìí. Ní January 2018 ìròyìn ti kọ́kọ́ jáde pé wọ́n ti rí i, ìgbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ ọ̀hún wò dáadáa ó tóbi jù, torí Clotilda ò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 86 lọ ní gígùn. Wọ́n wá fi sónà àti magnetometer, ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tí irin wà, tú apá ibòmíì nínú odò náà, wọ́n bá oríṣiríṣi ọkọ̀ tó ti rì níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bá ìwọ̀n yẹn mu, May 2019 ni wọ́n kéde pé òun ni lóòótọ́. Ẹ wò ó, ìwọ̀n wà lára ohun tó pinnu ẹ̀. Bí àwòrán sónà bá wá fa nǹkan gùn ju bó ṣe wà lọ, tàbí tó rún un kúrú, torí pé ẹnì kan ò tún settings ẹ̀ ṣe, ọkọ̀ tí ẹ̀ ń wá lè wà níwájú yín kí ẹ kọjá lórí ẹ̀.

Ó yá, ìlà dúdú àárín. Omi ni. Bí fish bá ti pariwo, ìró yẹn ṣì máa rìn nínú omi lásán kó tó kanlẹ̀, kò sí nǹkan tó máa dá a padà nínú omi yẹn, ìdí nìyẹn tó fi dúdú. Ibi tí dúdú yẹn parí sí, tí ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ fish gangan nìyẹn. Torí náà tí dúdú yẹn bá fẹ̀ tó 12 mítà lápá kan, fish yín wà ní 12 mítà sókè ìsàlẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà nínú sọ́fúwíà, slant range correction, tó máa ń gé dúdú yẹn kúrò tí á so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì, ojú àwọn èèyàn máa ń yá láti tẹ̀ ẹ́ torí àwòrán á rẹwà. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí omi, ìlà yẹn lẹ fi ń rí i pé fish ò tíì fẹ́ forí gbá ilẹ̀. Ohun míì ni pé sọ́fúwíà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà kó tó lè gé e dáadáa, bí koríko omi tàbí ẹja gidi bá tàn án, á gé ibi tí ò yẹ, àárín àwòrán á ya gbàràgàdà. Ẹni tó bá rí irú ẹ̀ kó kọ́kọ́ wo ìlà bottom tracking, ìyẹn ibi tí sọ́fúwíà rò pé ìsàlẹ̀ wà, kó fi ọwọ́ tún un fà, kó tó sọ pé transducer ti kú.

Settings tó ṣe pàtàkì jù, mẹ́ta ni, wọ́n sì so mọ́ra wọn: rénjì (bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí jìnnà tó lápá kọ̀ọ̀kan), gíga fish, àti eré bóòtù. Gíga fish máa ń wà láàárín 10 sí 20 nínú 100 rénjì tí ẹ bá yàn. Rénjì 100 mítà, fish 10 sí 20 mítà sókè ìsàlẹ̀. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, òjìji á kúrú, nǹkan kéékèèké á pòórá. Tó bá wálẹ̀ jù, ìró ò ní lè dé etí àwòrán, ibẹ̀ á ṣókùnkùn, ẹ ó wá máa yí gẹ́ẹ̀nì, ìyẹn ohun tó ń gbé ìró tó padà wá sókè, láìnídìí. Ẹni tó wà nínú omi tí ò ju mítà mẹ́fà lọ tó fi rénjì sí 100 ń fi àkókò ṣòfò ni, 30 sí 50 ló yẹ ẹ́.

Eré ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ní rénjì 100 mítà, ìró máa lọ 100 á padà 100, ìyẹn 200, ẹ fi 200 pín 1,500, á jẹ́ pé ẹ̀rọ ò lè pariwo ju ìgbà méje àbọ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sí owó tí ẹ lè san tó máa yí ìyẹn padà, bí ìró ṣe ń rìn nìyẹn. Tí bóòtù bá ń sá eré nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi mítà méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ìlà kan sí ìkejì á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27. Nǹkan tó fẹ̀ ní mítà kan á gba ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ó rí i. Ẹ wá gbé rénjì sí 200 láìdín eré kù, ariwo á dín sí ìdajì, ìlà kan sí ìkejì á di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 55, nǹkan mítà kan yẹn á gba ìlà kan tàbí méjì, á di àmì lásán tí ẹnikẹ́ni ò ní kọbi ara sí. Bí ẹ bá ti sún rénjì jáde, ẹ dín eré kù, kò sí ọ̀nà míì. Púpọ̀ àwọn tó ń sọ pé "àwòrán mi ò clear", eré ni wọ́n sá jù.

Fíríkúẹ́nsì náà wà níbẹ̀, ìyẹn bí ohùn ariwo ẹ̀rọ yẹn ṣe ga sókè tó, kHz ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nǹkan bíi 100 kHz á dé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mítà àmọ́ á rí nǹkan gbàǹgbà gbàǹgbà, 400 sí 500 kHz á dé bíi 100 sí 150, 900 kHz á fi nǹkan kéékèèké hàn yín dáadáa àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó rìn jìnnà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe máa ń fi èyí tó ń ríran jìnnà wá nǹkan, kí wọ́n tó súnmọ́ ọn. Ọkọ̀ òfuurufú Air France 447 tó ń bọ̀ láti Rio lọ sí Paris tó já sínú Atlantic ní June 2009, April 2011 ni wọ́n tó rí i, ní nǹkan bíi 3,900 mítà nísàlẹ̀: ẹ̀rọ abẹ́ omi tí ò ní awakọ̀ ló gbé sidescan lọ, ó rí ibì kan tí ìró ti ń padà wá le ju àyíká ẹ̀ lọ, wọ́n wá rán kámẹ́rà lọ ya ibẹ̀.

Gẹ́ẹ̀nì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìró tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti rẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbé e sókè ju ti tòsí lọ, TVG ló ń ṣe ìyẹn, tí ó bá kéré etí àwòrán á ṣú, tó bá pọ̀ jù etí á funfun báláú. Ẹ wá ibi tí ìsàlẹ̀ ti tẹ́jú tó sì jẹ́ oríṣi kan náà, ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀. Auto gain dára fún ẹni tó ń wá ẹja, àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ẹrẹ̀ parí sí tí yanrìn bẹ̀rẹ̀, á tàn án jẹ, torí á gbé ẹrẹ̀ tó yẹ kó ṣókùnkùn sókè kó lè bá yanrìn dọ́gba. Kí ẹ sì rí i pé raw data, ìyẹn bí ìró ṣe wọlé gan-an, ni wọ́n ń tọ́jú, tí ẹ bá dé ilé ẹ lè tún gbogbo àwọ̀ yẹn ṣe, ẹ ò lè tún gíga fish ṣe nílé.

Tí rénjì, gíga fish àti eré bá ti dáa tí àwòrán ṣì burú, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ wo bí ìdọ̀tí náà ṣe rí.

Tó bá jẹ́ ìlà dúdú, ìlà funfun, dúdú, funfun, tó gba àwòrán kọjá látòsì dé ọ̀tún, tó sì ń wá bí ìgbì ṣe ń gbé bóòtù sókè sódò, ìgbì ló ń fa kébù le tó tún ń dẹ̀ ẹ́, orí fish ń mì. Ẹ tú kébù sí i kó jìnnà sí bóòtù, tàbí kí ẹ yí ojú ọ̀nà yín padà kí ìgbì máa ti ẹ̀yìn bọ̀. Bí òkun bá ti le jù, ẹ máa lọ sílé jàre, kò sí sọ́fúwíà tó máa tún ìyẹn ṣe. Àmọ́ tó bá jẹ́ àmì tóótòòtó tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí ìlà wọn dà gẹ̀ẹ́rẹ̀ lójú àwòrán, ẹ̀rọ míì ló ń pariwo nínú omi kan náà, echo sounder tí awakọ̀ fi ń wo jíjìn omi ló sábà máa ń jẹ́. Ó ń dà gẹ̀ẹ́rẹ̀ torí pé ìgbà tó ń pariwo àti ìgbà tí tiyín ń pariwo ò bára mu. Ẹ ní kó pa á fún ìṣẹ́jú kan, tí omi ibẹ̀ bá jìn tó, ẹ ó rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èyí tó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ni ti iná. Ẹ padà lọ wo ìlà dúdú àárín yẹn, omi lásán ló yẹ kó wà níbẹ̀, tí ẹ bá rí àmì funfun wínníwínní tó kún inú ẹ̀ bó ṣe kún ibi yòókù, nǹkan yẹn ò ti ìsàlẹ̀ wá. Ẹ dá ariwo fish dúró, ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà ló ní ibi tí ẹ ti lè pa transmit, kí ó kàn máa tẹ́tí. Tí wínníwínní yẹn ṣì wà nígbà tí ẹ̀rọ ò pariwo, á jẹ́ pé ó ń gbọ́ nǹkan tí kì í ṣe èsì ariwo ẹ̀, inú bóòtù yín ló wà: alternator, inverter, ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú, jẹnẹrétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour" tí wọ́n gbé sẹ́yìn. Ẹ máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró wo skrín lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má pa méjì pọ̀, ẹ ò ní mọ èwo ni. Oògùn ẹ̀ tó dájú jù ni pé kí sónà ní bátìrì tiẹ̀, kí ẹlòmíì má so nǹkan mọ́ ọn.

Tí apá kan bá ṣókùnkùn tí ìkejì mọ́lẹ̀, kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín, ẹ yí bóòtù padà kí ẹ gba ojú ọ̀nà kan náà padà láti òdìkejì. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju gbogbo ẹ̀ lọ torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ká ní òsì ló ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀: bí òkùnkùn yẹn bá ṣì wà lápá òsì ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ni, transducer ti dọ̀tí, fish fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí wáyà apá yẹn ti já. Bó bá bọ́ sí ọ̀tún, ẹ̀rọ ò ní nǹkan kan, ẹrẹ̀ rírọ̀ ló wà lápá ibẹ̀, ẹrẹ̀ ń gbé ìró mì. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹnì kan ti so òsì mọ́ ọ̀tún nídìí kébù, ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ kàn wakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá tàbí jẹ́tì tí ẹ mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó máa yọ sí.

Etí àwòrán tó ń rí kọ́lọkọ̀lọ, tí tòsí sì mọ́ rekete, omi ló fà á. Omi tutù àti omi gbígbóná, omi iyọ̀ àti omi odò, ìró ò rìn dọ́gba nínú wọn, níbi tí wọ́n bá ti léra wọn ìró á tẹ̀, á sì gba ọ̀nà tí ẹ ò rán an. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà l'Ékòó máa bá èyí pàdé nígbà òjò, nígbà tí omi odò Ògùn àti àwọn odò yòókù bá ń ya wọ ọ̀sà tí omi òkun náà sì ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ sọ fish kalẹ̀ sí i kó wà lábẹ́ ibi tí omi méjèèjì ti léra, kí ẹ dín rénjì kù, tàbí kí ẹ dúró de ìgbà tí omi bá yí.

Ìkùukùu funfun tó gùn tẹ̀lé ara wọn, ìhó tí pùròpélà ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá dà sílẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń dá ìró padà. Ọ̀wọ́ ẹja gidi náà máa ń funfun, àmọ́ òjìji ẹ̀ máa ń jìnnà sí i torí kò fara kan ilẹ̀. Nǹkan tó bá jókòó sórí ìsàlẹ̀, òjìji ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn. Tí nǹkan kan tó mọ́lẹ̀ gan-an lápá ọ̀tún bá ní ìkejì tó rẹ̀ lápá òsì níbi jíjìn kan náà, ọ̀kan ló wà, apá kan ló ń jò sí ìkejì. Àwòrán tó yà níbi tí bóòtù ti ń yípo ẹ má wò ó rárá, inú kọ́nà yẹn á ya nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìta ẹ̀ á sì fo àwọn ibì kan.

Kébù ló máa ń kú jù nínú gbogbo ẹ̀, pàápàá ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ fish. Omi iyọ̀ díẹ̀ bá wọbẹ̀, àwòrán á máa wá á máa lọ. Kí ẹ tó sọ fish sómi, ẹ tan án fún ìgbà díẹ̀ lórí bóòtù, kí ẹnì kan fi ọwọ́ ra transducer òsì, kí ẹlòmíì máa wo skrín, òsì ló yẹ kó fèsì, kí ẹ ra ọ̀tún náà. Ẹ má jẹ́ kó máa pariwo pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ ṣá, transducer míì kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá sì ti wà lójú omi, ẹ rántí pé bóòtù tó bá dín eré kù, fish á rì, torí náà ẹ kọ́kọ́ fa kébù wọlé kí awakọ̀ tó fọwọ́ kan eré, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fish ti forí sọlẹ̀ tàbí kó sínú àwọ̀n apẹja.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ga tó, ẹ fi gígùn òjìji ẹ̀ sọdipúpọ̀ gíga fish, kí ẹ fi jíjìn láti fish dé ìparí òjìji pín in. Òjìji mítà mẹ́fà, fish mítà mẹ́wàá, òjìji parí sí mítà 60, nǹkan yẹn ga ní mítà kan. Ìṣirò yìí péye níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ó máa ń purọ́ díẹ̀.

Ibi tí nǹkan wà ló kù. GPS wà lórí bóòtù, fish wà lẹ́yìn, ó lè jẹ́ 60 mítà sẹ́yìn, tí ẹ ò bá sọ iye kébù tó wà nínú omi fún sọ́fúwíà, gbogbo nǹkan tó bá rí, iwájú ibi tó wà gan-an ló máa fi í sí. Ẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan kan náà láti òdì kejì síra. Tí ẹ̀rọ bá fi í sí ibi méjì tó jìnnà síra ní 40 mítà lójú ọ̀nà tí ẹ gbà, ẹ ti ṣi kébù yẹn kà pẹ̀lú 20, àárín méjèèjì ni kí ẹ sì rán òmùwẹ̀ sí.